Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ara Rẹ̀

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ aláìsàn kan kì í fà mí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni o. Ẹ ṣá ní egbò ni." Bí mo bá ní ìyá ló ni ara rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú." Òótọ́ ni, a kì í wo ikú. Ìrora ńkọ́? Ìrora ṣeé wò, èébì ṣeé wò, òórùn egbò ṣeé wò. Ẹ̀rù tí kò jẹ́ kí aláìsàn fojú kan oorun náà ṣeé wò, bí a bá jẹ́ kó sọ ọ́ jáde. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, a sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́, ẹ ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ rò pé aláìsàn kò mọ̀. Ó mọ̀. Ó ń rí i pé ẹ máa ń dákẹ́ bó bá ti wọlé. Ó rí i pé ọmọ tó wà l'Ékòó, tí kì í wálé ọdún, ti dé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ó ń rí ara rẹ̀ bó bá ń wẹ̀. Ẹni tí yóò bi léèrè ni kò ní. Bí ẹ bá ti lọ sùn, àwa nọ́ọ̀sì ló ń bi lóru: "Ọmọ mi, ṣé mo máa rí Iléyá ọdún yìí báyìí?"

Òfin pàápàá wà níbẹ̀. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 23, ní kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ti rí, ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu rẹ̀, iye tó máa ná an, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Èdè tó gbọ́ ni ká sì fi sọ ọ́. Òfin fàyè sílẹ̀ bí ẹ̀rí gidi bá wà pé sísọ ọ́ yóò ṣe aláìsàn níjàǹbá, ṣùgbọ́n "Màmá máa sunkún" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ.

Ní ti kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹlòmíràn wà tí a ń fún kó lè san pátápátá. Ẹlòmíràn, tí jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí eegun, kí àrùn náà lè falẹ̀ ni. Ẹ bi dókítà léèrè èwo ni tiyín kí ẹ tó ta ilẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá sì ti wọ eegun, ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń tàn sójú ibi tí jẹjẹrẹ wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rẹ̀ lè mú ìrora náà rọlẹ̀; kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní láti máa lọ máa bọ̀ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n dúró lórí mọ́fín, oògùn ìrora tó lágbára, torí ibẹ̀ lẹ ti ń ṣìkà láìmọ̀. Láti ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa lò ó fún ìrora jẹjẹrẹ tó bá le. Oògùn olómi tí à ń mu ni. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. Agbára rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ fún un ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, yálà ó ń pariwo tàbí kò pariwo. Ẹ̀yin á gbé e pamọ́, ẹ ní ó di ìgbà tó bá le. Bó bá ti le tán, oògùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré lé e. Ó lè mú un tòògbé lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn á lọ. Ìgbẹ́ líle kì í lọ ní tirẹ̀, ẹ má ṣe yọ oògùn ìgbẹ́ tí a kọ mọ́ ọn kúrò. Mọ́fín tí a wọ̀n bó ṣe yẹ kì í pa aláìsàn, ó sì ṣọ̀wọ́n kó sọ ọ́ di ajòògùnyó.

Àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó agbo ní Tákíé, tí wọ́n ní ọjọ́ méje làwọn fi ń wo jẹjẹrẹ sàn, kí wọ́n wá bá wa ṣí egbò lọ́jọ́ kan. Mo ti tú aṣọ lára ọmú tí wọ́n fi ewé gígún dì fún oṣù mélòó kan. Ìdin ló yọ jáde. Oògùn Fílájìlì la lọ̀ kúnná tí a wọ́n sójú egbò náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí òórùn fi lọ, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tún ń jókòó tì í. Àdúrà kò bá oògùn jà, ṣùgbọ́n wòlíì tó bá ní kí aláìsàn da oògùn nù, ìkà ni.

Obìnrin kan wà tó ń gba àjọ nínú ọjà kan nílùú yìí. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ló ń ṣe é, àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ìju ni. Wọ́n fẹ́ kó tún gba kímò sí i, owó rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Dókítà jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà ní, "Ṣé kímò á gbé e lọ?" Dókítà ní rárá, ó lè fi oṣù díẹ̀ kún un. Ìyá náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé àpótí abẹ́ ibùsùn òun wá.

Káàdì àjọ ló kún inú rẹ̀, ó fi rọ́bà dè wọ́n. Àṣé owó ọlọ́jọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí ìṣirò náà bí kò ṣe òun. Ó ní òun ò gba kímò mọ́, ká ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí ìrora dí òun lọ́wọ́. A ń fún un ní mọ́fín rẹ̀ déédéé, àwọn ọlọ́jọ̀ọ́ sì ń wá ní méjì-méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́fín ń da orí rú, ẹ gbọ́: ẹnìkan ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún lòun dá. Ìyá náà gbé ojú sókè, ó ní, "Méjìdínlógún ni. O ò wá lọ́jọ́ tí òjò ba ọjà jẹ́." Wọ́n yẹ káàdì wò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó san gbogbo rẹ̀ tán kó tó kú. Ká ní ìju ni wọ́n jẹ́ kó gbà títí dópin, àwọn ọmọ yẹn ni ọlọ́jọ̀ọ́ ìbá máa dógò.

Bí ẹ ò bá mọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́, ẹ pè wá. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Màmá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe yín?" Lẹ́yìn náà ni mo máa béèrè bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní òun ò fẹ́ gbọ́, ká bá àkọ́bí òun sọ ọ́. A ó bá àkọ́bí sọ ọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àkọ́bí.