Ẹ má kó owó ohun èlò lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, pè mí pé kí n wá wo ilé bàbá wọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Òrùlé ti ń jò, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta ò tíì pé tí agbaṣẹ́ṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo fi ìṣó ha ògiri, yanrìn ń dà sílẹ̀ bíi gààrí. Mo gun òkè, mo wọn bí páànù ṣe nípọn tó: mílímítà 0.45 ló wà níbẹ̀, owó 0.55 ni wọ́n san. Ó dùn mí gan-an, torí owó ìfẹ̀yìntì wọn ni.

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bíríkìlà, ẹnu ọ̀nà kan náà ni mo máa ń rí tí olè ń gbà wọlé. Onílé á pa owó ohun èlò àti owó iṣẹ́ pọ̀, á kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá ṣẹ́kù lára owó sìmẹ́ńtì ni èrè rẹ̀, ṣé ó máa fẹ́ kí sìmẹ́ńtì pọ̀ lára ògiri yín? Ẹ bá a dúnàádúrà owó iṣẹ́ nìkan. Kí ó kọ ohun tó fẹ́ lò àti iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin lọ rà á. Bó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú wa ò ní dùn sí ohun tí mo kọ yìí.

Lálaalẹ́, ẹ ka àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù. Ẹ má ka òfìfo, torí wọ́n lè kó òfìfo wá láti sáìtì mìíràn.

Páànù tí kò dáa á jò, ẹ ó sì rí i. Wáyà ló ń bà mí lẹ́rù, torí inú ògiri ló wà títí yóò fi gbiná. Nọ́ńbà wáyà ló ń sọ bó ṣe nípọn tó: 1.5 la fi ń fa iná gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 sì ni mo máa ń ní kí wọ́n lò fún ẹ̀rọ amúlétutù. Oníjìbìtì á fi 1.5 síbi tó yẹ kí 2.5 wà. Òmíràn á ra alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lára. Kí wọ́n tó fà á wọ páìpù, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀. Bí inú bá funfun, ẹ dá a padà.

Bí àtúnṣe bá kan òpó tàbí dẹ́kìn, ẹ gbé rọ́ọ̀dù sórí òṣùwọ̀n. Rọ́ọ̀dù 12 mílímítà tó gùn ní mítà 12 yẹ kó wọn kílò 10 àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà ò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ka ọ̀pá 93 fún yín pé tọ́ọ̀nù kan ti pé; ọ̀pá pé lóòótọ́, ìwọ̀n ni kò pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, fọ́tò ilé onílé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn kan nínú yín. Ẹ pe agbaṣẹ́ṣe yín lórí fídíò lójijì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé hàn yín láti ẹnu géètì. Ẹ sanwó fún akọ́lé mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kó lọ wo iṣẹ́ náà kí owó kejì tó jáde.

Ní ti owó iṣẹ́, èmi máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé títí òjò ńlá yóò fi rọ̀ sórí òrùlé tí mo kàn. Ìyá Òkè-Àdó ti san tiwọn tán kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.