Bí àwọn ọmọbìnrin erékùṣù Pàsífíìkì ṣe ń du tíkẹ́ẹ̀tì Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé

Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mẹ́ta tó tẹ̀ léra fáwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ìyẹn Íńdíà lọ́dún 2022, Dominican Republic lọ́dún 2024 àti Mòrókò lọ́dún 2025, ìsọ̀rí kan náà ni Flamingos ti Nàìjíríà àti ikọ̀ kan láti Oṣéáníà, ìyẹn agbègbè àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì, ń bọ́ sí. Nàìjíríà ló borí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. New Zealand ló wá lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ìyẹn ò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Samoa ló wá lẹ́ẹ̀kẹta. Èyí ló tó ọ̀rọ̀ sọ, torí pé kò sí ikọ̀ bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá Samoa kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, lágbà lọ́mọdé, tó tíì dé Ife Àgbáyé rí kó tó dìgbà náà.

Àjọ OFC, tó fìdí kalẹ̀ sílùú Auckland, ló ń darí bọ́ọ̀lù ní Oṣéáníà. Ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló ní: New Zealand, Papua New Guinea, Fiji, Solomon Islands, Vanuatu, New Caledonia, Tahiti, Samoa, American Samoa, Tonga àti Cook Islands. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbòmìnira. Tahiti àti New Caledonia ṣì wà lábẹ́ Faransé, American Samoa sì wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, àmọ́ ní ti bọ́ọ̀lù, oníkálukú ló ń dá dúró. Kiribati àti Tuvalu náà ń bá OFC ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ FIFA, torí náà ọ̀nà yìí ò ṣí fún wọn. Ọsirélíà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó kó lọ sí Éṣíà lọ́dún 2006. Látìgbà náà ni New Zealand ti di erin inú igbó ọ̀hún. Èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, nígbà tí ti Samoa jẹ́ nǹkan bí 200,000. Láti ọdún 2008 tí Ife àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti bẹ̀rẹ̀, New Zealand ò pa ẹyọ kan jẹ. Kódà, wọ́n gba ipò kẹta ní Uruguay lọ́dún 2018.

Ní Áfíríkà, ikọ̀ méjì á gbá a nílé ẹnì kìíní, wọ́n á tún lọ gbá a nílé ẹnì kejì, wọ́n á wá ro góòlù pọ̀. Oṣéáníà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi òkun ló wà láàárín ilé kan sí òmíràn, ọkọ̀ òfuurufú tó ń gba ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá ń ti erékùṣù kan lọ sí èkejì lè ní láti kọ́kọ́ yà ní Auckland tàbí ní Nadi ní Fiji. Ọjọ́ pàápàá kì í dọ́gba. Láti Apia, olú ìlú Samoa, dé Pago Pago ní American Samoa, ọkọ̀ òfuurufú ò lò tó wákàtí kan. Síbẹ̀, tó bá di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Apia, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ ní Pago Pago, torí pé Samoa fo ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2011 kọjá pátápátá kó lè bọ́ sápá kejì ìlà tí ayé fi ń pín ọjọ́ kan sí òmíràn. Ìdí nìyí tí OFC fi ń kó gbogbo ikọ̀ jọ sí erékùṣù kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì parí gbogbo rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ojú òfuurufú pa, ìdíje ò ṣeé ṣe, OFC sì kàn fa New Zealand kalẹ̀ fún Ife méjèèjì ọdún 2022, ti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún àti ti ọmọ ogún ọdún. Àwọn ọmọ erékùṣù tó kù ò tiẹ̀ rí pápá wọ̀.

Orúkọ ìdíje náà máa ń da àwọn èèyàn lójú rú, torí pé ìdíje ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń pè é nígbà tó jẹ́ pé Ife ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń torí ẹ̀ gbá a. Ọdún tó ṣáájú Ife ni wọ́n ń ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2008 ò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún lọ lọ́dún 2024, nígbà tí wọ́n ń du tíkẹ́ẹ̀tì ní Fiji, yóò sì wà láàyè òfin ní Mòrókò lọ́dún 2025. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún rí sí Ife ogún ọdún.

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá a tún ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Samoa ló ń gbé ní New Zealand, Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, ọmọ tí wọ́n sì bí sí Auckland lè gbá bọ́ọ̀lù fún Samoa tó bá ní ìwé ọmọ onílùú, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá, bàbá tàbí òbí rẹ̀ àgbà sí. Ìwé ìrìnnà New Zealand làwọn ọmọ Cook Islands náà ń lò, torí náà ìwé nìkan ò tó láti fi mọ ẹni tó ni ọmọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo ibi tí wọ́n bí i, ibi tí wọ́n bí àwọn òbí rẹ̀, tàbí iye ọdún tó ti gbé níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ti péjọ, wọ́n á pín wọn sí ìsọ̀rí, wọ́n á ka máàkì, ìdíje á sì bọ́ sí ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Látijọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà, New Zealand ló sì máa ń mú un. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ New Zealand sílẹ̀ àfi kó gbàlejò Ife náà fúnra rẹ̀, bí Papua New Guinea ti ṣe fún Ife ogún ọdún lọ́dún 2016. Nígbà tí FIFA sọ ikọ̀ mẹ́rìndínlógún di mẹ́rìnlélógún, ní Colombia lọ́dún 2024 fún ogún ọdún àti ní Mòrókò lọ́dún 2025 fún mẹ́tàdínlógún, Oṣéáníà rí tíkẹ́ẹ̀tì kejì gbà. Ohun tó yí gbogbo ìdíje náà po nìyẹn.

Àwọn méjì tó bá dé àṣekágbá ló ń lọ. Nítorí náà, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni ìjà wà. Ikọ̀ mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Ẹni tí wọ́n so pọ̀ mọ́ New Zealand níbẹ̀, òkè ńlá ló fẹ́ gùn. Àwọn méjì yòókù ni àyè ṣí sílẹ̀ fún, góòlù kan sì tó láti gbé odindi erékùṣù lọ sí Ife Àgbáyé. Tí wọ́n bá wá ta ọ̀mì, ó di wò-mí-n-gbá-sí-ọ: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní mítà mọ́kànlá sí ojú àwọ̀n, òun nìkan, gbogbo ìlú ẹ̀ ń wò ó. Ó wúwo fún ọmọdé. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ife nìkan ló kù tí wọ́n ń dù. Fiji pàdánù àṣekágbá ti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún fún New Zealand nílé ara wọn lọ́dún 2023, síbẹ̀ wọ́n ti dé Colombia.

Ní Colombia, Brazil gbá mẹ́sàn-án wọlé wọn, Kánádà gbá mẹ́sàn-án, Faransé gbá mọ́kànlá. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀rí pé tíkẹ́ẹ̀tì kejì ò yẹ wọ́n. Àìtó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni ìṣòro náà jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ìdíje láàárín ọdún méjì kò lè múra ọmọ sílẹ̀ de Faransé.

Ibi tí ìyípadà tó kàn ti wá nìyí. Ife ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti di ọdọọdún, Mòrókò ni yóò sì máa gbà á lálejò láti ọdún 2025 dé 2029. Nígbà tó jẹ́ ọdún méjì-méjì, ọmọ erékùṣù tí wọ́n bí lóṣù Kejìlá ọdún 2006 ti kéré ní 2022 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ 2005, nígbà tó sì di 2024, òfin ti sọ pé ọmọ 2007 sókè nìkan ni wọ́n fẹ́. Ní báyìí, ọmọ 2008 ní ọdún tirẹ̀, ọmọ 2009 ní tirẹ̀, ọmọ 2010 náà ní tirẹ̀.