"Orí mi ti gbó, ìwé kò lè wọ̀ ọ́ mọ́"

Ní Èkìtì níbí, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn láti ilé dé ilé, ọ̀rọ̀ yìí ṣì pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún. Ó wù wọ́n kí wọ́n ka ìtàn, Yorùbá, lítíréṣọ̀ tàbí fìlọ́sọ́fì, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àsìkò ti kọjá.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọpọlọ àgbà kì í yára bíi ti ọmọ ogún ọdún, orúkọ tuntun sì máa ń tètè sá mọ́ ọn lórí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn mọ̀ àti òye tó ti kó jọ kì í bá a sá lọ. Wọ́n tiẹ̀ máa ń pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogójì. Ohun tí kọ́ọ̀sì áàtì sì ń lò jù nìyẹn. Ará Òkemẹ̀sí tó ti ń gbọ́ orúkọ Fábùnmi, akọni ìlú wọn, láti kékeré ti ní ibi tó máa so ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà, mọ́ kó tó ra ìwé.

Ọ̀nà tí àgbà fi ń kàwé ló ń dá a dúró. Á ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹrin, á fi báírò fàlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, á ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ojú ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ ka ojú ewé mẹ́ta, ẹ pa ìwé dé, ẹ kọ ohun tó fa ogun Kírìjì, bí àpẹẹrẹ, láìwò, kí ẹ tó ṣí i wo ohun tí ẹ gbàgbé. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ kí ẹ tó lọ sọ́jà sàn ju wákàtí mẹ́rin gbọọrọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Nínú ìdánwò, "àwọn baba wa sọ pé" nìkan kì í gba máàkì: ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é, ìdí tó fi ṣe é, àti ọdún rẹ̀, bíi 1886 tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun náà.

JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìwọlé sí yunifásítì, kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti dàgbà jù. NOUN, yunifásítì tí èèyàn ti lè kàwé láti ilé, tó ní ibùdó ní Adó, kò tiẹ̀ béèrè UTME, ìdánwò JAMB. Kírẹ́díìtì márùn-ún ní ìjókòó kan tàbí méjì ló ń fẹ́. Ẹni tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, lè gba Direct Entry, ìyẹn ni kó wọlé láìṣe UTME. Èsì WAEC àtijọ́ kì í kú, ṣùgbọ́n P7 àti P8 ìgbà yẹn kì í ṣe kírẹ́díìtì.

Orúkọ ló máa ń fa wàhálà fún àwọn abiyamọ. Orúkọ bàbá wà lórí WAEC, tọkọ wà lórí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, inú NIN sì ni JAMB ti ń mú orúkọ. Ẹ gba ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ sì kéde ìyípadà náà nínú ìwé ìròyìn kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gé ọjọ́ orí nítorí NYSC, ìsìnlú ọlọ́dún kan lẹ́yìn ìgboyè. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gboyè, ìwé tó yọ ọ́ kúrò nínú ìsìnlú náà ni wọ́n ń fún un. Ọjọ́ orí tí a gé ni kò ní bá NIN mu.