Ìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná ni kí ẹ wo gééjì

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ Ìjàpá (mọ́tò Volkswagen Beetle) bàbá wọn dọ̀tun ní Ìlọrin ló ń gba mọ́tò lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn tí kò sì pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi pátì tuntun tó jọ ti àtijọ́ tò gbọ́dọ̀ ti inú ìdánwò jáde kí ẹ tó san owó tán, ọ́ìlì ló sì máa sọ òótọ́ ibẹ̀.

Iṣẹ́ páǹpù ò ju kó máa ti ọ́ìlì lọ. Àyè tóóró tó wà láàárín kíránkì (ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) àti bẹ́ríìnì (irin tí kíránkì jókòó lé tó ń yí nínú rẹ̀) ló ń sé ọ́ìlì náà tí préṣọ̀, ìyẹn agbára tí ọ́ìlì fi ń tì, fi ń wà, bí ìgbà tí ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu họ́ọ̀sì omi. Tí àyè yẹn bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì á kàn ṣàn kọjá, gééjì tó ń wọn préṣọ̀ á wálẹ̀. Ọ́ìlì tútù máa ń tanni jẹ torí pé ó ki: láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ gan-an á gbé gééjì sókè. Òṣùwọ̀n Volkswagen fún Ìjàpá ni pé tí ọ́ìlì SAE 30 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) bá gbóná dé 70°C, tí kíránkì sì ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí gééjì wà ní nǹkan bíi 42 psi (òṣùwọ̀n préṣọ̀). Tó bá wá sísàlẹ̀ 28, ó ti jẹ nìyẹn. Ẹ má gbára lé iná kékeré ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìgbà tí préṣọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló ń tàn. Ẹ so gééjì gidi mọ́ ọn.

Ìjàpá ò ní rádíétọ̀ bíi Peugeot 504. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì lítà méjì ààbọ̀ péré ló ń tù ú lára. Magnesium ni wọ́n fi rọ ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ooru ọdún pípẹ́ máa ń jẹ́ kí ibi tí bẹ́ríìnì jókòó sí fẹ̀. Àwọn tuntun tí wọ́n ń fi alumíníọ̀mù rọ wúwo, àmọ́ àwọn ni mo fara mọ́ fún oòrùn tiwa níbí.

Ní ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, ẹ tẹ tọ́tù (ibi tí ẹ ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè yára) kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí ní nǹkan bíi ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́, kí ọ́ìlì lè ta sára káámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ da ọ́ìlì yẹn kúrò, ẹ tú asẹ́ wáyà tó wà nísàlẹ̀, ẹ gbọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí aṣọ funfun, kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Ìdọ̀tí dúdú díẹ̀ ò burú. Tí ẹ bá rí ìpẹ́ irin fẹlẹfẹlẹ tó ń kọ yànrànyànràn, bẹ́ríìnì ti ń jẹ nìyẹn. Ẹ má sítáàtì rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tú u.

Bí aṣọ bá mọ́, ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i, kí ẹ gbé e gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán lọ́sàn-án ganrínganrín. Ibikíbi tí ẹ bá ti dúró, ẹ jẹ́ kó máa yí jẹ́jẹ́, kí ẹ kọ ohun tí gééjì sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gbóná tán, ó yẹ kí iye náà dúró sójú kan. Tó bá ń já wálẹ̀ láti ibùdó kan dé èkejì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tò ó. Bó bá sì ní kí ẹ lọ ra ọ́ìlì tó ki sí i kí gééjì lè gòkè, ẹ kọ̀ fún un, kí ẹ ní kó fi iye tí àyè bẹ́ríìnì jẹ́ hàn yín, bó ṣe wọ̀n ọ́n kó tó dé e.