Adẹ́mu Tó Kú àti Àbíkú Tó Kọ̀ Láti Lọ

Àwọn tí mo ń kọ́ ní lítíréṣọ̀ máa ń sọ fún mi pé *The Famished Road*, tí Ben Okri fi gba ẹ̀bùn Booker ní 1991, jọ *The Palm-Wine Drinkard* tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé jáde ní 1952. Òótọ́ ni. Ẹmu wà nínú méjèèjì, iwin sì kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìjọra wọn tán, ẹ bi ara yín: ta ló ń wá ta lọ?

Nínú ìwé Tutuola, adẹ́mu já lórí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mùtí tí adẹ́mu yìí ń dá ẹmu fún wá a lọ dé ìlú àwọn òkú. Adẹ́mu ní òkú kì í bá alààyè gbé. Ó fún un ní ẹyin kan, ọ̀mùtí sì padà sílé. Azaro tí Okri kọ kò wá ẹnikẹ́ni lọ. Àbíkú ni, ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀ ló ń wá a wá sínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti òbí rẹ̀ ń gbé. Ó yàn láti dúró torí ó fẹ́ kí inú ìyá rẹ̀ dùn. Ẹni tó bá mọ Málọmọ́ tàbí Dúrójayé lórúkọ yóò mọ ìdí tí ibẹ̀ fi ń dùn mí wọra.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara tí a yá lò. Ẹ rántí àlọ́ ọmọge tó tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin láti ọjà. Tutuola mú un wọ ìwé rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń wọ igbó lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹlẹ́sẹ̀, ọwọ́ fún ọlọ́wọ́, títí ó fi ku agbárí lásán. Arẹwà náà ló wu ọmọge tó fi bá a lọ. Nínú ìwé Okri, àwọn iwin tó yá ẹ̀yà ara ènìyàn ló rọ́ wọ ilé ẹmu Madame Koto, wọ́n jókòó, wọ́n ń mu. Azaro ò fẹ́ràn wọn rárá. Inú àpò ni wọ́n ká a sí gbé lọ. Ìgboro ni iwin wà báyìí, torí wọ́n ti ń gé igbó lulẹ̀ láti kọ́lé àti láti la títì.

Ẹ ka ibi méjèèjì yìí nínú ìwé wọn ní alẹ́ kan náà, kí ẹ kà wọ́n sókè. Ti Tutuola ni kí ẹ fi ṣáájú.