Ẹṣin Aláwọ̀ Wúrà: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Palomino

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ẹṣin rà ló máa ń bi mí pé, "Dókítà, níbo ni mo ti lè rí ojúlówó palomino?" Ìdáhùn mi kì í kọ́kọ́ tẹ́ wọn lọ́rùn, torí mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí ìran ẹṣin kankan tó ń jẹ́ palomino. Àwọ̀ ni. Ẹṣin tí irun ara rẹ̀ bá pọ́n bíi wúrà, tí irun ọrùn àti ìrù rẹ̀ sì funfun, òun là ń pè bẹ́ẹ̀, ìran yòówù kó ti wá. Ó wà láàárín Quarter Horse, ó wà láàárín Morgan, ó wà láàárín American Saddlebred àti Tennessee Walking Horse. Láàárín ẹṣin Lárúbáwá tí kò ní àdàlù, ẹ ò lè rí i, torí jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, tó ń mú àwọ̀ náà wá kò sí nínú ìran yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ta palomino Lárúbáwá pọ́ńbélé fún yín, bóyá àwọ̀ náà kì í ṣe palomino, bóyá ẹ̀jẹ̀ mìíràn ti wọ inú ìran ẹṣin náà.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú fún àwọn èèyàn ni pé àwọ̀ yìí ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1936 ni Palomino Horse Association bẹ̀rẹ̀, Palomino Horse Breeders of America sì tẹ̀ lé e ní 1941. Ẹni tó bá rí ìwé ẹ̀rí wọn lè rò pé ìwé ìran ló wà lọ́wọ́ òun, àmọ́ àwọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó forúkọ ẹṣin sílẹ̀. Owó ẹyọ wúrà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n: irun ara ẹṣin gbọ́dọ̀ sún mọ́ àwọ̀ owó náà, ó lè ṣú jù ú lọ díẹ̀ tàbí kó mọ́ jù ú lọ díẹ̀. Irun dúdú tàbí pupa tó bá wà láàárín irun funfun ọrùn àti ìrù kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 nínú 100 lọ.

Fíìmù kọ́bọ̀ì ló gbé àwọ̀ náà dé ojú gbogbo ayé. Trigger, ẹṣin òṣèré Roy Rogers, palomino ni. Lẹ́yìn tó kú ní 1965, wọ́n bó awọ rẹ̀, wọ́n fi bo ère tó rí bí ara rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo ní New York ní 2010, ní dọ́là 266,500. Àwọ̀ tó níyì tó báyìí, kò ní ṣàì mú kí àwọn kan máa pe ohun tí kì í ṣe palomino ní palomino.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Spéènì ni orúkọ náà. Paloma ni wọ́n ń pe àdàbà, ọmọ àdàbà sì ni palomino. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹṣin ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí èdè Spéènì ti rinlẹ̀, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Kó tó dìgbà yẹn, isabella ni ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù ń pe àwọ̀ yìí, àwọn kan sì so ó mọ́ Ayaba Isabella ti Castile, tó wàjà ní 1504. Àwọn mìíràn ní ọmọ ọba obìnrin ilẹ̀ Spéènì kan tó ń jẹ́ Isabella Clara Eugenia ló búra pé òun ò ní bọ́ aṣọ abẹ́ òun títí ọwọ́ àwọn fi máa tẹ ìlú Ostend. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi sàga ti ìlú náà, láti 1601 sí 1604, aṣọ náà sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìtàn yìí dùn létí, àmọ́ kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí ní 1600 ni wọ́n ti kọ aṣọ aláwọ̀ isabella sínú àkọsílẹ̀ ẹrù Ayaba Elizabeth Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnikẹ́ni tó sàga ti Ostend.

Ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti kan àpò yín ni ìwé ẹṣin. Bí ìwé tó wá láti Jámánì bá pe ẹṣin ní Isabell, palomino ló sábà máa ń jẹ́. Bí ìwé tó wá láti ilẹ̀ Faransé bá pè é ní isabelle, ẹṣin mìíràn gbáà ni: ara rẹ̀ pọ́n bíi wúrà lóòótọ́, àmọ́ irun ọrùn àti ìrù rẹ̀ dúdú. Buckskin ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ẹṣin bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi orúkọ àwọ̀ inú ìwé ra ẹṣin láti òkèèrè láìtíì rí àwòrán rẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò jíìnì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí àwọ̀ náà ṣe ń wáyé, torí ẹni tí èyí bá yé, kò sí olùtajà tó máa lè tàn án jẹ. Èròjà méjì ló ń kun irun ẹṣin: dúdú àti pupa. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní MC1R, òun ló ń pinnu bóyá dúdú máa jáde. Ẹ̀dà méjì ni ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní nínú rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà tí à ń kọ ní "e" kékeré ló gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, irun rẹ̀ ò lè dúdú, gbogbo ara rẹ̀ á pupa. Ara irú ẹṣin pupa yìí ni palomino ti ń bẹ̀rẹ̀.

Jíìnì kejì ni SLC45A2. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé rí ìyípadà kékeré kan nínú rẹ̀, òun là ń pè ní Cream. Bí ẹṣin pupa bá gba ẹ̀dà Cream kan ṣoṣo, ìyẹn láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá, pupa ara rẹ̀ á ṣá di wúrà bí ìgbà tí èèyàn bu omi lé aró, ti ọrùn àti ìrù á sì ṣá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí á fi funfun. Bó bá gba ẹ̀dà méjì, wúrà náà ò ní sí mọ́: irun rẹ̀ á funfun ráúráú, awọ ara rẹ̀ á pọ́n, ojú rẹ̀ á sì jẹ́ búlúù. Cremello nìyẹn. Ẹ̀dà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irun dúdú, ìdí nìyẹn tí ẹṣin dúdú fi lè gbé Cream kiri láìsí ẹni tó mọ̀. Mo ti rí i tí ìjà ṣẹlẹ̀ torí èyí. Akọ dúdú gun abo pupa, ọmọ tó bí jẹ́ aláwọ̀ wúrà, olówó abo náà sì fẹ̀sùn kàn pé akọ mìíràn ni wọ́n fi gun ẹṣin òun. Àyẹ̀wò ló dá akọ dúdú náà láre.

Torí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń ṣe palomino, kò sí bí ẹ ṣe lè fi palomino bí palomino nìkan. Bí akọ àti abo bá jẹ́ palomino, ìdajì ọmọ ló ṣeé ṣe kó jẹ́ palomino, ìdá mẹ́rin kan á pupa, ìdá mẹ́rin kan á jẹ́ cremello. Palomino àti ẹṣin pupa máa ń bí ìdajì palomino àti ìdajì pupa. Cremello àti ẹṣin pupa nìkan ni gbogbo ọmọ wọn máa ń jẹ́ palomino. Ẹ rántí pé oyún kọ̀ọ̀kan ló ń tún kádàrá tirẹ̀ yàn. Pé ẹṣin pupa ni abo yín bí lọ́dún tó kọjá kò sọ pé tọdún yìí máa jẹ́ wúrà, oyún ẹṣin sì ń tó oṣù mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí ni ti àwọn tó ń fi abo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, tí pátákò rẹ̀ ò sì dáa, bímọ kìkì nítorí àwọ̀. Ẹsẹ̀ àti pátákò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọ̀ dídán kì í gba ẹṣin lọ́wọ́ ìrora oríkèé.

Mo tún fẹ́ gbèjà cremello, torí àwọn kan ń pè é ní àfín, àwọn mìíràn ní ó ń ṣàìsàn láti inú oyún wá. Kì í ṣe àfín, ara rẹ̀ sì le. Àìsàn tó ń pa ọmọ ẹṣin funfun láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i wà lóòótọ́, ìfun tí kò ṣiṣẹ́ ló ń fà á, àmọ́ jíìnì ọ̀tọ̀ ni, kò sì bá Cream tan. Ohun tí cremello nílò ni ibòji lọ́sàn-án gangan àti àbójútó imú àti etí ojú, torí oòrùn tètè máa ń jó awọ tó bá pọ́n.

Àwọn tó ń jọ palomino ń kọ́? Haflinger ló wọ́pọ̀ jù. Abúlé Hafling ní àwọn òkè Tyrol, tó wà ní Ítálì báyìí, ni orúkọ rẹ̀ ti wá, akọ tí ìran náà sì ti ṣẹ̀ wá ni 249 Folie, tí wọ́n bí ní 1874. Irun ọrùn rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ sì lè mọ́ débi tí ojúlùmọ̀ gan-an fi lè ṣì í mọ̀, àmọ́ kò ní Cream rárá. Ẹṣin pupa ni. Èkejì ni gold champagne, àwọ̀ mìíràn tí jíìnì ọ̀tọ̀ ń mú wá; ìyẹn le díẹ̀ láti dá mọ̀, torí irun rẹ̀ ò yàtọ̀. Awọ ara ló máa tú u fó. Ẹ sún mọ́ ẹṣin náà lójú ọjọ́, ẹ wo àyíká ojú àti imú rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá yín gbé ìrù rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, níbi tí irun ò pọ̀ sí. Awọ palomino dúdú, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin yòókù. Awọ champagne pọ́n, ó sì ní àmì tóótòòtó káàkiri, ojú búlúù ni wọ́n sì fi ń bí i kó tó yí padà. Tó bá jẹ́ ọmọ tuntun ni ẹ ń wò, ẹ ní sùúrù, torí awọ ọmọ palomino lè kọ́kọ́ pọ́n díẹ̀ kó tó ṣú.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán tí wọ́n yà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan pinnu fún yín. Nígbà òtútù, irun gígùn palomino lè ṣá títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, bó bá sì pa irun náà dà, wúrà á tún padà. Àwọn kan máa ń po paprika, ìyẹn ata pupa gígún, mọ́ oúnjẹ ẹṣin kí àwọ̀ rẹ̀ lè jinlẹ̀. Ẹni tó bá ń díje kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Capsaicin, èròjà tó ń mú kí ata ta, wà lára ohun tí wọ́n fòfin dè nínú ìdíje. Ní Òlíḿpíìkì 2008, tí ìdíje ẹṣin rẹ̀ wáyé ní Hong Kong, ẹṣin mẹ́rin ni wọ́n bá a lára wọn. Bí irun ẹṣin bá ṣá láìnídìí, ẹ ní kí dókítà yẹ èròjà copper àti zinc inú oúnjẹ rẹ̀ wò, torí ara kò lè ṣe àwọ̀ irun dáadáa láìsí copper.

Bí iyèméjì bá ṣì kù, àyẹ̀wò jíìnì ló máa yanjú rẹ̀. Ẹ wé irun ọrùn díẹ̀ mọ́ ìka, ẹ fà á tu lẹ́ẹ̀kan náà kí gbòǹgbò rẹ̀ bá a jáde, fọ́nrán 20 sí 30 ti tó. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e, inú gbòǹgbò yẹn ni ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò wà. Inú àpò ìwé gbígbẹ ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ kọ orúkọ ẹṣin sí i lára, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, irú bí Veterinary Genetics Laboratory ti yunifásítì California ní Davis. Bí èsì bá jẹ́ e/e (ẹ̀dà "e" méjì) àti N/Cr (ẹ̀dà Cream kan), palomino ni. Bó bá jẹ́ e/e àti N/N, kò ní Cream, ẹ ní kí wọ́n wá champagne wò. Ẹ béèrè ìwé èsì náà lọ́wọ́ olùtajà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, bí kò bá sì ní i, kó jẹ́ kí ẹ fa irun náà fúnra yín níṣojú rẹ̀.