Bí Ilé Àtijọ́ Ṣe Di Ilé Gbogbo Ènìyàn

Ilé tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ mọ́ kì í pẹ́ di ahoro. Àwọn ará Róòmù ti rí èyí láti ìgbà pípẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 609, Póòpù Boniface Kẹrin sọ Pantheon, ojúbọ àwọn òrìṣà wọn, di ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá mìíràn ni àwọn ará ìlú tú lókùúta láti fi kọ́ tiwọn. Èyí tí wọ́n ń jọ́sìn nínú rẹ̀ ló dúró, àjà kọnkéré rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ títí dòní.

Ní 1793, Louvre, tó jẹ́ ààfin ọba Faransé, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí mẹ̀kúnnù lè wọ̀.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà lè pa ilé. Ní England ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ayàwòrán ilé ń ha ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọ́n ń yọ ohun tí kò wù wọ́n, wọ́n sì ń fi tuntun sí i bí ẹni pé àtijọ́ ni. Inú bí William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà ará England. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1877, wọ́n ní kí a máa tọ́jú ilé lóòrèkóòrè, kí a yéé sọ ọ́ di ọmọdé.

Ní 1964, àwọn onímọ̀ ṣe ìwé àdéhùn kan lórí ìtọ́jú ilé àtijọ́ ní Venice, ní Ítálì. Abala karùn-ún rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ó ní lílo ilé fún àǹfààní àwùjọ ń mú kí ó rọrùn láti tọ́jú, àmọ́ ìlò náà kò gbọdọ̀ yí ètò ilé tàbí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí àtẹ̀gùn tuntun, wáyà iná àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara fi yẹ kó ṣeé yọ lọ́la láìdá ọgbẹ́ sí ògiri.

Ẹ wo Orsay ní Paris. Ibùdókọ̀ ojú irin ni, ọdún 1900 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tó fi di 1939, ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ti gùn ju pèpéle rẹ̀ lọ, wọn kò yà síbẹ̀ mọ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi hòtẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ní 1973 ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ilé tí wọ́n ń dáàbò bò. Gae Aulenti, ayàwòrán ilé láti Ítálì, ló tún inú rẹ̀ tò. Ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní oṣù Kejìlá 1986. Ibi tí irin ọkọ̀ là kọjá ni àwọn àlejò ń rìn báyìí, láàárín àwọn ère, lábẹ́ aago ńlá tí èrò ọkọ̀ ń wò nígbà náà.